Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ikọ̀ Tó Yẹ Jọ fún Enterprise Architecture Iléeṣẹ́ Yín

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: "Ọ̀gá ti ní ká ṣe enterprise architecture. Ta ni ká fi sínú ikọ̀?" Ìdáhùn kúkúrú rè é: ẹ má kó àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan jọ, ẹ má sì mú ẹni kan kìkì nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ìdáhùn gígùn ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí enterprise architecture jẹ́, ìyẹn ohun tí ikọ̀ náà fẹ́ ṣe. Wọ́n á ya àwòrán iléeṣẹ́ yín ní ipele mẹ́rin: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, dátà tí iṣẹ́ náà ń lò (àkọsílẹ̀ bí orúkọ, ìwọ̀n àti owó), sọ́fítíwia tó ń tọ́jú dátà náà, àti ẹ̀rọ tó gbé sọ́fítíwia dúró, ìyẹn sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo iléeṣẹ́), nẹ́tíwọ̀kì àti iná. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ya bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀. Ìmọ̀ ipele kìíní àti ìkejì kì í sábà sí lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà. Ọwọ́ kàṣíà, akọ̀wé àti ọmọ tó ń ṣọ́ sitọ́ọ̀ ló wà.

A óò fi iléeṣẹ́ tó ń ra kòkó ṣe àpẹẹrẹ: oríkò rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ó ní ẹ̀ka ní Oǹdó, Ìdànrè àti Ilé-Olújì, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 60. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni tiyín, ẹ kàn pààrọ̀ orúkọ iṣẹ́ ni.

## Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ẹ kọ ojú ìwé kan péré. Ohun mẹ́ta ni kó wà níbẹ̀:

- Ibi tí iṣẹ́ náà dé. Ṣé gbogbo iléeṣẹ́ ni, àbí rírà kòkó àti sísanwó fún àgbẹ̀ nìkan? Ẹ̀ẹ̀kìíní tí ẹ máa ṣe é, ẹ mú ibi kan.
- Ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ dáhùn. Kó má ju márùn-ún lọ. Bí àpẹẹrẹ: kí ló dé tí ìwọ̀n kòkó tó kúrò ní Ìdànrè kì í bá èyí tó wọlé ní Àkúrẹ́ mu? Ṣé a lè tọ́ka sí oko tí báàgì kọ̀ọ̀kan ti wá?
- Ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ríra sọ́fítíwia tuntun kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń yí sí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbéèrè oko yẹn kì í ṣe eré. Òfin Yúróòpù 2023/1115 ní kí àwọn tó ń kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ wọn lè tọ́ka sí ilẹ̀ tó ti hù. Kò sì gba kòkó tó wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Bí kòkó yín bá ń gba ọwọ́ ẹlòmíì dé Yúróòpù, bó pẹ́ bó yá wọ́n á bi yín. Torí náà, ikọ̀ yín gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ ọ̀nà oko.

Ìkìlọ̀ nípa àkókò: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìíní tí kòkó ń ya wọlé. Kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Bó bá jẹ́ ilé ìwé ni tiyín, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìwọlé àti ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ẹni tó lè buwọ́ lùwé

Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó lè náwó, tó sì lè parí ìjà láàárín ọ̀gá ẹ̀ka méjì. Bó bá lè ṣe ọ̀kan tí kò lè ṣe èkejì, òun kọ́. Ẹ kíyè sí iléeṣẹ́ ìdílé: bí ọmọ bá ń darí ibẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ bàbá ló ṣì ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, bàbá ni onígbọ̀wọ́ yín. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ má fi lẹ́tà rán ọmọ.

Ẹ gba lẹ́tà tó fọwọ́ sí, ojú ìwé kan, tó sọ pé:

1. òun ló ní kí iṣẹ́ náà wáyé, àti ọjọ́ tó máa parí (ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 tó fún iléeṣẹ́ bí irú èyí);
2. orúkọ àwọn ọmọ ikọ̀ àti wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa yọ̀ǹda lọ́sẹ̀ (ẹ fi àlàfo sílẹ̀, Ìgbésẹ̀ 4 ló máa dí i);
3. pé ẹ̀ka kankan kò gbọdọ̀ fi ìwé tàbí àlàyé pamọ́ fún ikọ̀;
4. pé bí àríyànjiyàn bá dé iwájú òun, òun á dá ẹjọ́ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta.

Wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè fún yín ní wákàtí yẹn, ẹ dúró títí ó fi máa ráyè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láìsí i, ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka kan bá kọ́kọ́ kọ̀ láti dáhùn ni iṣẹ́ máa dúró.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Wọ́n á mú orúkọ jáde látorí àtẹ ipò òṣìṣẹ́, ohun tí wọ́n á sì rí ni àwọn ọ̀gá.

Ẹ kọ iṣẹ́ ńlá iléeṣẹ́ yín, kó wà láàárín 8 sí 15. Ti oníkòkó lè rí báyìí: fífi orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀, yíyá àgbẹ̀ lówó ṣáájú ìkórè, wíwọn kòkó, yíyẹ̀ ẹ́ wò, sísanwó, kíkó o dé Àkúrẹ́, títọ́jú rẹ̀ ní sitọ́ọ̀, títà á, ìṣirò owó, owó oṣù òṣìṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ méjì:

- ẹni tó ni àṣẹ, ìyẹn ẹni tó lè yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà;
- ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ẹni tí gbogbo ènìyàn ń fóònù nígbà tí nǹkan bá dojú rú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Orúkọ méjèèjì kì í sábà jẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nígbà mẹ́ta ní ìlà "ẹni tó mọ̀ ọ́n" ti wọ ikọ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ akọ̀wé onípele kékeré. Bí iṣẹ́ kan kò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi àmì pupa sí i. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ yín ti lè fọ́ lọ́jọ́ kan.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan olórí ikọ̀

Kò di dandan kó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ó sì sàn kó má jẹ́ òun bó bá jẹ́ pé òun náà ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní gbogbo ẹ̀ka, torí ẹ̀rọ kan máa bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí ẹ ń wá:

- ó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka méjì ó kéré tán nínú iléeṣẹ́ náà;
- ó lè ya nǹkan sójú bébà kó sì yé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà;
- ó lè wí fún ọ̀gá pé "Mi ò tíì mọ̀, sà, ẹ jẹ́ n lọ wádìí";
- ó ní wákàtí 25 sí 30 lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ìwé ẹ̀rí TOGAF (ìlànà kan tí wọ́n fi ń ṣe enterprise architecture) dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ń wò. Ẹni tó mọ iléeṣẹ́ yín lè kọ́ bí a ti ń ya àwòrán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó mọ àwòrán á lo oṣù púpọ̀ kó tó mọ iléeṣẹ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ to àárín ikọ̀

| Ipò | Wákàtí lọ́sẹ̀ | Ibi tí ẹ ti lè mú un |
|---|---|---|
| Olórí ikọ̀ | 25–30 | iṣẹ́ ojoojúmọ́ tàbí ètò ìnáwó |
| Ẹni tó mọ iṣẹ́ ní ẹ̀ka | 10–12 | Oǹdó, Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì |
| Ẹni tó mọ iṣẹ́ ní oríkò | 10–12 | Àkúrẹ́ |
| Ẹni dátà | 15 | ìṣirò owó, kì í sábà jẹ́ kọ̀ǹpútà |
| Ẹni sọ́fítíwia àti ẹ̀rọ | 15 | ẹ̀ka kọ̀ǹpútà |
| Ẹni ààbò àti òfin dátà | 4 | ìṣàkóso tàbí agbẹjọ́rò |
| Akọ̀wé ikọ̀ | 10 | ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé dáadáa |

Méje nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ju méje lọ, ìgbìmọ̀ ni ẹ dá sílẹ̀, ẹ sì mọ bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe.

Ẹni dátà ni wọ́n sábà máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, òun sì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Ẹ wo àgbẹ̀ kan ṣoṣo: "Bàbá Ṣọlá" ni wọ́n ń pè é lórí ìwé sikéèlì, "Alàgbà" ni kàṣíà kọ sínú ìwé gbèsè, báńkì sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé. Àgbẹ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà. Ẹni dátà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó máa ní kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó sì máa kọ ẹni tó láṣẹ láti yí i padà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣáájú ti ẹni sọ́fítíwia. Bí ẹ bá to sọ́fítíwia kí dátà tó yé yín, ẹ óò tún un tò.

Ẹni ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ka kọ̀ǹpútà nìkan. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kó kọ wákàtí tí iná BEDC fi wà lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, bí ínfátà ṣe ń pẹ́ tó, àti nẹ́tíwọ̀kì tó ń wọlé dáadáa nínú sitọ́ọ̀, kì í ṣe ní ìta. Láìsí èyí, ẹ lè ya àwòrán sọ́fítíwia orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ibi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán.

Ẹni ààbò àti òfin dátà kò pọn dandan kó jẹ́ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kó ti ka òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023. Orúkọ àgbẹ̀, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, àní ibi tí oko rẹ̀ wà, dátà ara ẹni ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jò síta lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni wọ́n lára, wákàtí 72 ni iléeṣẹ́ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí.

Ẹnì kan lè di iṣẹ́ méjì mú. Ẹni dátà lè ṣe akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so àwọn wọ̀nyí pọ̀:

- onígbọ̀wọ́ àti olórí ikọ̀ (ta ni yóò wá dá ẹjọ́ olórí?);
- ẹni ààbò àti ẹni tó ń di kọ́kọ́rọ́ sáfà mú;
- ọmọ ikọ̀ èyíkéyìí àti ẹni tó ń ta sọ́fítíwia fún yín, tàbí ẹni tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) tó ń ṣe SIWES (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní iléeṣẹ́) lè jẹ́ akọ̀wé tó já fáfá, oṣù mẹ́fà tí wọ́n sábà máa ń lò sì tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má kàn fún un ní password sáfà.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ to àwọn tó yí ikọ̀ ká

Àwọn 8 sí 12 tí ẹ máa pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn wọ́n, wákàtí méjì sí mẹ́ta lápapọ̀: awakọ̀ tó ń kó kòkó, ọmọ sikéèlì, ẹni tó ń yẹ kòkó wò, kàṣíà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan. Ẹ san owó ọkọ̀ àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tú àkókò wọn sílẹ̀ ní tòótọ́

Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Fún ọmọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iṣẹ́ tó máa gbé sílẹ̀, ẹni tó máa gbà á, àti ọjọ́ tó máa gbà á. Mánéjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí mánéjà bá fọwọ́ sí i kíákíá láìráhùn, ẹ tún ẹni náà wò: ó lè jẹ́ pé ẹni tí wọn ò nílò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi iṣẹ́ kékeré dán wọn wò

Ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ikọ̀ tẹ̀ lé báàgì kòkó kan láti ọwọ́ àgbẹ̀ ní Ìdànrè títí dé sitọ́ọ̀ Àkúrẹ́, àti owó rẹ̀ láti báńkì padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Kí wọ́n ya á sójú bébà kan, kí wọ́n kọ gbogbo ìwé, fóònù, Excel àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí báàgì náà gbà kọjá.

Ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì:

- [ ] Ṣé wọ́n dé ibi iṣẹ́ fúnra wọn, àbí oríkò ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń fóònù?
- [ ] Ṣé wọ́n rí nǹkan tí ọ̀gá ẹ̀ka kò mọ̀?
- [ ] Ṣé ẹni tí kò sí nínú ikọ̀ lè ka àwòrán náà láìsí olùtumọ̀?
- [ ] Ṣé gbogbo wọn lo wákàtí tí wọ́n ṣèlérí?

Bí ìdáhùn méjì bá jẹ́ "rárá", ẹ pààrọ̀ ènìyàn báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ojú á ti máa tì yín láti yọ ẹnikẹ́ni.

Àfàìmọ̀ kí ẹ má rí ìwé kékeré kan ní Ìgbésẹ̀ yìí, tí kàṣíà ń kọ owó tí àgbẹ̀ gbà ṣáájú ìkórè sí. Ẹ má bá a wí. Ìwé yẹn ni sọ́fítíwia tó ń ṣiṣẹ́ jù ní iléeṣẹ́ yín, ó yẹ kó wà nínú àwòrán.

## Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé nínú ìpàdé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń kú sí, ìwé òyìnbó kì í sì í sọ ọ́. Ẹ kó mánéjà ẹ̀ka, kàṣíà rẹ̀ àti ọmọ sikéèlì yí tábìlì kan ká, ẹ ní kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mánéjà á sọ bó ṣe yẹ kó lọ. Àwọn yòókù á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ óò sì lọ ya àwòrán iléeṣẹ́ tí kò sí níbì kankan.

Lóòótọ́, ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ sikéèlì ni ìwé ìwọ̀n wà. Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ọmọdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá, níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún mánéjà ṣáájú kí ó má baà dà bíi pé ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kó má jókòó tì yín. Ẹ má ní kí ọmọ náà ṣàlàyé. Ẹ ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ máa wò ó.
2. Ẹ kọ ipò, ẹ má kọ orúkọ. "Kàṣíà ẹ̀ka ní…" tó. Bí ẹ bá kọ orúkọ ẹnì kan tí wàhálà sì ti ibẹ̀ yọ, ẹlòmíì ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́.
3. Ẹ gbé àwòrán lọ bá mánéjà ní òun nìkan. Ẹ má wí pé "Wọ́n ní ẹ kì í wọn kòkó lẹ́ẹ̀kejì." Ẹ ní: "Sà, ẹ bá wa wo èyí. Níbo la ti ṣì í?" Á tún un ṣe, nígbà mìíràn á fi ohun tí ẹ ò rí kún un.
4. Ìpàdé gbogbogbò ló gbẹ̀yìn, fún fífọwọ́ sí i nìkan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba èrò níbẹ̀, ẹ pín bébà kí oníkálùkù kọ tirẹ̀ kí àgbà kankan tó lanu.

Ìpàdé àárín ikọ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí kan. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan lọ sínú ìwé ìpinnu: ohun tí ẹ pinnu, ìdí rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́. WhatsApp wà fún "Ìpàdé ti sún sí aago méjì." Ìpinnu kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Oníkọ̀ǹpútà márùn-ún, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka òdo. Àtẹ sáfà tó dára ni ẹ máa gbà, kò sì ní dáhùn ìbéèrè kan nínú márùn-ún tí ẹ kọ.

Ẹni tó ń ta sọ́fítíwia jókòó nínú ikọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́". Àwòrán ọjọ́ iwájú á jọ ọjà rẹ̀. Ẹ pè é wá dáhùn ìbéèrè, kó sì máa lọ.

Ibì kan ṣoṣo, bí oríkò, ló yọ̀ǹda ènìyàn. Àwọn ẹ̀ka yòókù á pe àwòrán náà ní "ti àwọn ará Àkúrẹ́", wọn ò sì ní lò ó.

Ríra irinṣẹ́ olówó ńlá ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Archi àti diagrams.net, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán yìí, kò gba kọ́bọ̀. Bébà ńlá àti máàkà tó fún oṣù àkọ́kọ́.

## Bí tiyín bá yàtọ̀

Òṣìṣẹ́ yín ò tó 20. Ènìyàn mẹ́ta tó: ẹni tó ni iléeṣẹ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù, àti ẹni dátà tó tún ń ṣe akọ̀wé. Ẹ gba ẹni ẹ̀rọ láti ìta fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló máa gbà.

Ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì aláìsàn àti nọ́ọ̀sì àgbà kan gbọ́dọ̀ wà ní àárín ikọ̀. Dókítà nìkan kò tó. Ẹ fi ìpàdé sí àkókò tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ lè wà níbẹ̀.

Ẹ fẹ́ gba agbaninímọ̀ràn láti ìta. Ó dára, bí kò bá di olórí ikọ̀. Ẹ kọ mẹ́ta yìí sínú àdéhùn: kí ó fi fáìlì tí ẹ lè ṣàtúnṣe sílẹ̀, kì í ṣe PDF, kí òṣìṣẹ́ yín kan máa bá a ya gbogbo àwòrán, kí ẹ mú ìdá kan nínú owó rẹ̀ dúró títí òṣìṣẹ́ yẹn fi lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ níwájú onígbọ̀wọ́ láìjẹ́ pé agbaninímọ̀ràn náà lanu.

Iléeṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà (àdúgbò ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́). Ìṣòro yín ni pé wọ́n lè gbé ọmọ ikọ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn nígbàkigbà. Ẹ fi ènìyàn méjì sí ipò kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, kí wọ́n jọ máa wá sí ìpàdé. Ẹ kó fáìlì pamọ́ sórí àkáǹtì iléeṣẹ́, kì í ṣe sórí laptop ẹnì kan. Bí ìwé tó gbé ọmọ ikọ̀ kan lọ sí ẹ̀ka mìíràn bá dé, ọmọ ikọ̀ náà ní láti lo wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ lórí ìwé ìpinnu, kó sì buwọ́ lù ú pé òun ti fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì.